Olè Iṣu Ló Mọ Ààlà

Nígbà tí Ozaki, ọmọbìnrin tí ìjọba ìbílẹ̀ rán wá, parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn abúlé Kashinokubo, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn o. Ó dùn jù ni. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló kù lábúlé náà, èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n sì ti rí ìjọba tó láti mọ̀ pé bó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni ní nǹkan, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́.

Ètò ìrànwọ́ fún àwọn onígbó kéékèèké lọmọ náà pè é. Igi kédárì tí àwọn bàbá wọn gbìn sórí òkè lẹ́yìn ogun ti fún pọ̀ jù. Wọ́n ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, abẹ́ wọn ṣókùnkùn, koríko kò hù níbẹ̀, gbòǹgbò wọn kò sì lágbára tó láti di erùpẹ̀ mú. Bí òjò ńlá bá dé, òkè lè ya lu ilé. Ìjọba yóò rán àwọn agégi wá, wọn yóò gé ẹyọ kan nínú mẹ́ta kí ìyókù lè rí ààyè mí, wọn yóò la ọ̀nà tí ọkọ̀ agbégẹdú lè gbà, onígbó kò sì ní san ohunkóhun.

"Nǹkan kan ló kù," Ozaki wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gún ọmọdé lábẹ́rẹ́. "Kí kálukú fi ààlà ilẹ̀ rẹ̀ hàn wá. Kí ẹni tó bá a pààlà gbà pé ibẹ̀ ni lóòótọ́. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ síwèé. Bí ẹnì kan péré bá ní òun ò gbà, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn ti jáde nínú ètò nìyẹn. Òpin oṣù kọkànlá ni gbèdéke."



Hatsuyo tẹjú mọ́ ife tíì rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, opó sì ni. Ilẹ̀ igbó mẹ́ta ni Yasuji ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó mọ orúkọ wọn. Ó mọ nọ́ńbà wọn nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ibi tí ààlà wọn wà gan-an? "Lókè lọ́hùn-ún" ni Yasuji máa ń wí, á gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó wo ló ń bi ọkọ léèrè pé ibo ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí?

"Ọkọ mi ló mọ̀ ọ́n," ló fi dáhùn.

"Ọkọ tèmi náà ló mọ̀ ọ́n," obìnrin tó jókòó tì í wí.

"Tèmi pẹ̀lú."

Àwọn ọkọ náà sì wà ní itẹ́ òkú nísàlẹ̀ abúlé, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ti gbé gbogbo ààlà mì, wọ́n dákẹ́.

Ìgbà náà ni Kadowaki nawọ́ sókè. Òun ló jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé abúlé kí àìsí ọmọ tó ti ilé ìwé náà pa, ó sì ṣe olórí abúlé fún ogún ọdún. Títí dòní, Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Èmi mọ ààlà òkè yìí bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi."

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà kó wọn gun òkè, àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ya àwòrán náà láyé àwọn bàbá ńlá wọn kò fẹ́ san owó orí púpọ̀, nítorí náà òkè tí ẹsẹ̀ kò lè rìn tán láàárọ̀ kan, wọ́n yà á bí ẹni pé kò tóbi ju ẹní kan lọ. Tíṣà wo ìwé, ó wo igi, ó ní kí wọ́n yà sọ́tùn-ún. Ó tún wo ìwé, ó ní òsì ni òun ń sọ látẹ̀yìnwá. Ozaki ń tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, torí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Nígbà tí ó di ọ̀sán, wọ́n jáde sí ẹ̀yìn ilé adìyẹ kan ní abúlé kejì. Ọkùnrin tó ń da oúnjẹ fún adìyẹ náà kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè bóyá wọ́n wá ra ẹyin.

"Àtẹ́lẹwọ́ Tíṣà mà gbòòrò o," ẹnì kan kùn lẹ́yìn.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn padà, orúkọ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn bí egungun ẹja tí kò ṣeé tu síta lójú àlejò. Hatsuyo ló kọ́kọ́ là á.

"Ẹnì kan wà tó mọ̀ ọ́n."

"Má dárúkọ ẹni yẹn létí mi," Tíṣà Kadowaki ní.

Ẹni yẹn ni Okumiya Iwakichi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tó ń dá gbé létí odò. Àádọ́ta ọdún ló fi ń wa iṣu igbó lórí òkè olókè. Iṣu náà gùn bí apá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, ó ń já lọ sí ìsàlẹ̀ láàárín òkúta. Kéèyàn tó wà á láìṣẹ́, á ti gbẹ́ kòtò tó mù ún dé àyà. Bí wọ́n bá rin ín, yóò máa yọ̀ bí ilá, wọn á dà á lé ìrẹsì gbígbóná. Kò sí ilé tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní Kashinokubo, ìdí sì nìyẹn tí inú fi ń bí wọn nígbà tí wọ́n bá dé orí òkè tí wọ́n bá kòtò.

Gbogbo abúlé mọ̀ pé òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ bà á. Lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Kuwanotani, Yasuji bá a nínú kòtò, orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Ó wọ́ ọ wá sí gbọ̀ngàn. Kadowaki, tó jẹ́ olórí abúlé nígbà náà, ní kó kúnlẹ̀ níwájú èèyàn, ó ní kó sọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

"Ajá mi ni mò ń wá," Iwakichi dáhùn.

Kò lájá. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń kí i mọ́. Wọn kì í pè é sí ọdún, wọn kì í bá a gbin ìrẹsì. Bí ó bá kọjá, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn sẹ́yìn, títí tí kò fi sí ọmọ mọ́ lábúlé tí wọn ì bá fà.

Hatsuyo gbé ìgò ọtí ìrẹsì kan, ó lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Hatsuyo."

"Hatsuyo wo?"

Hatsuyo kan ṣoṣo ló wà lábúlé. Ó gbé ẹ̀gàn náà mì. "Ìyàwó Yasuji."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kúkúrú kan yọjú, ó ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ṣì ń wo inú kòtò. "Áà. Ìyàwó Yasuji. Ṣé iṣu yín ló tún sọnù ni?"

"Iṣu kankan ò sọnù."

"Ṣé ẹ kà á dáadáa?"

Hatsuyo gbé ìgò náà kalẹ̀, ó jókòó sétí ilé, ó ṣàlàyé ètò ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iwakichi fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tó parí, ó họ irun àgbọ̀n rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ohun tí kò yé mi ni ohun tó kàn mí níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ààlà òkè tí mi ò dé rí? Àbí olè ni mí?"

"Ẹnikẹ́ni ò pè yín lólè, Bàbá Iwakichi."

"Láti ìgbà wo? Láàárọ̀ yìí?"

Hatsuyo bojú wolẹ̀. Kì í ṣe obìnrin tó ń bẹ èèyàn. Ṣùgbọ́n ó rántí omi tó ń ṣàn láti orí òkè wọ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó rọra wí pé, "Bó bá ṣe pé ẹnì kan ń wá ajá rẹ̀ kiri..."

Iwakichi wò ó. Ẹ̀rín rọra yọ sí i létí ẹnu.

"Ajá yẹn rìn o."

"Ajá tó bá sọnù fún àádọ́ta ọdún, olówó rẹ̀ á mọ ọ̀nà."

"Á mọ̀ ọ́n." Ó ṣí ìgò ọtí náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún dé e. "Ó dáa. Kí Kadowaki fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn. Níbi tó ti ní kí n kúnlẹ̀ yẹn gan-an ni kó ti sọ fún gbogbo yín pé Iwakichi kò wọ òkè ẹnikẹ́ni rí. Bó bá ti sọ ọ́ tán, màá wá lọ fi ààlà òkè tí mi ò wọ̀ rí yẹn hàn án."

Nígbà tí wọ́n jíṣẹ́ náà fún Tíṣà, ó ní ó sàn kí òkè ya lu òun lórí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò dá títí dìrọ̀lẹ́. Ilé Tíṣà ló súnmọ́ ìdí òkè jù. Nígbà tí òkúta kan tó tó orí màlúù yí wá síwájú balùwẹ̀ rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó ní kí wọ́n pe ìpàdé.

Gbogbo wọn pé. Iwakichi jókòó níwájú pátápátá, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ bí alága.

"Ní ti ọ̀rọ̀ ìjọ́sí," Kadowaki bẹ̀rẹ̀, "ó lè jẹ́ pé àṣìgbọ́ díẹ̀ wọ̀ ọ́..."

"Tíṣà, ẹ sọ ọ́ sókè. Etí mi ti di."

"Mo ní Iwakichi kò wọ òkè ẹnikẹ́ni rí!"

"Ẹ ṣé. Ṣé ti Tíṣà náà wà níbẹ̀?"

"Títí kan tèmi!"

Ozaki, tó ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, bí Bàbá kò bá dé ibẹ̀ rí, báwo ni wọ́n á ṣe wá..."

Ojú mọ́kàndínlógún yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọmọ mi," Hatsuyo wí, "mu tíì rẹ."

Odidi ọjọ́ méjì ni Iwakichi fi mú wọn yí òkè ká, kò sì mú àwòrán ilẹ̀ kankan dání. Á dúró láàárín kédárì tó jọra bí ìbejì, á fi ọ̀pá kan ilẹ̀, á ní, "Ẹ wà á níbí." Wọ́n á wà á, wọ́n á bá òkúta pẹlẹbẹ kan, èédú á sì wà lábẹ́ rẹ̀, torí àwọn àgbà ìṣáájú mọ̀ pé èédú kì í jẹrà. Níbòmíràn, á fi igi kan hàn wọ́n tó dá yàtọ̀, èyí tó ń yọ òdòdó pupa nígbà òtútù. Wọ́n gbìn ín sójú ààlà kí ojú má baà ṣìnà. Ó mọ ibi tí bàbá ta ni ti já bọ́. Ó mọ igi tí bàbá ta ni gé tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Bàbá Tíṣà ló gé kùkùté mẹ́rin yìí," ó ní. "Ó gé wọn kọjá ààlà. Lọ́jọ́ tí yìnyín bọ́ ni."

"Ta ló sọ fún ọ?" Kadowaki gbaná jẹ.

"Wọ́n ní ó rí bẹ́ẹ̀ ni o. Èmi ò sí níbẹ̀."

Ozaki ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní ní abúlé mìíràn, ọdún méjì làwọn fi wá ààlà tí àwọn kò rí i. Ó béèrè lọ́wọ́ Hatsuyo ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé irú iṣẹ́ wo ni Bàbá yìí ń ṣe tẹ́lẹ̀ tó fi mọ igbó tó báyìí.

"Ó fẹ́ràn ajá," Hatsuyo dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni wọ́n dé Kuwanotani. Ibẹ̀ ni Hatsuyo ń retí. Nínú ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ nìkan ni Yasuji mú un dé rí, lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀, kó lè wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Òun náà rí i. Kédárì náà dúró ṣanṣan, ó nípọn, kò ní kókó kankan lára, torí Yasuji ti rẹ́ gbogbo ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti kékeré, ó sì ti gé àwọn tó yẹ kó gé, ó fi ààyè sáàárín ìyókù. Lókè ibẹ̀, ilẹ̀ ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, jágbajàgba, igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn ti wó lé ara wọn. Yasuji ti fi ọ̀pá na ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Wo igbó Iwakichi," ó ní. "Bí olúwa rẹ̀ ṣe ya ọ̀lẹ ni igbó rẹ̀ ṣe rí."

Wọ́n fo odò kékeré kan, wọ́n wọ abẹ́ àwọn igi dáadáa náà. Iwakichi kò dúró. Ó kọjá láàárín wọn, ó gòkè, ó lọ dúró níbi tí igbó jágbajàgba ti bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀pá tú ewé gbígbẹ. Òkúta róbótóróbótó kún abẹ́ rẹ̀, ó tò lọ bí ọ̀nà.

"Ìyàwó Yasuji, ibí ni tiyín ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sókè."

"Ẹ ti ṣi ibí mú. Tiwa ni ti ìsàlẹ̀. Òdìkejì odò ni bàbá ọkọ mi sọ."

"Òdìkejì odò ni lóòótọ́. Odò náà nìyí." Ó tún fi ọ̀pá kan àwọn òkúta náà. "Kí lòkúta odò ń wá lórí òkè? Lọ́dún ìjì ńlá, odò fi ibí sílẹ̀, ó gba ìsàlẹ̀ lọ. Yasuji wà ní Osaka nígbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin. Kó tó padà dé, bàbá rẹ̀ ti kú. Ó bá odò, ó fo odò, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ozaki yẹ ìwé ìjọba wò. "Màmá, ìwé gbè Bàbá o. Ilẹ̀ tó wà láàárín ibi méjèèjì yìí, nọ́ńbà igba-lé-mẹ́rìnlá ni. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Okumiya. Okumiya Iwakichi."

Hatsuyo wo àwọn igi náà láti ìdí dé òkè. Ọgbọ̀n ọdún. Nígbà ooru tí kòkòrò ń jẹ Yasuji lójú, nígbà òtútù tí ọwọ́ rẹ̀ ń là. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kejì wá bọ́ sí i lọ́kàn, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ibí ni Yasuji ti mú yín."

"Ibí ni. Níbi kùkùté yẹn."

"Lórí ilẹ̀ yín. Iṣu yín lẹ ń wà."

"Lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?"

Iwakichi jókòó lórí òkúta kan. Kò kánjú. "Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Mo wá rántí àwọn igi wọ̀nyí. Ọkọ yín ti rẹ́ ẹ̀ka wọn dé òkè. Ìyàwó Yasuji, ṣé ẹ mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe le tó? Bí mo bá sọ̀rọ̀, á fi irinṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là ń fi bò ó jẹ." Ó yíjú sí Tíṣà. "Yàtọ̀ sí ìyẹn, olè ni wọ́n ń pè mí látẹ̀yìn. Ta ni ì bá gbà mí gbọ́ bí mo bá ní tèmi ni? Tíṣà?"

Kadowaki ń wo ìdí igi kan bí ẹni pé ìwé wà lára rẹ̀.

Hatsuyo kò fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ náà. Ó délé, ó gbé ìrẹsì síwájú àwòrán Yasuji bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ó jókòó tì í, ó sì bú u. "Òmùgọ̀," ó ní. "O ò lè bi ẹnì kan? Olè lo sin fún ọgbọ̀n ọdún, ìwọ náà lo tún dá a kúnlẹ̀." Ìgbà tó bú u tó, ó sunkún díẹ̀, ó sì gbé ìrẹsì náà jẹ, kó má baà ṣòfò.

Tíṣà Kadowaki wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kó má fọwọ́ sí i. "Olè ni, olè náà ló ṣì jẹ́. Ta ló mọ̀ bóyá òun ló kó òkúta wọ̀nyẹn síbẹ̀?"

"Ó kó òkúta odò gun òkè, ó tò ó gùn tó ìrìn ìdajì wákàtí?"

"Ìwọ ṣáà kọ̀ fún un. Ìyà ni kó jẹ ẹ́."

"Bí mo bá kọ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè náà jáde nínú ètò. Títí dé èyí tó wà lẹ́yìn ilé Tíṣà."

Kadowaki mu tíì rẹ̀ tán. Ó gbé ife kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Àmọ́ ṣá o," ó ní, "òtítọ́ dára. Òkúta odò kì í parọ́."

Lọ́jọ́ kẹta, Hatsuyo lọ sí gbọ̀ngàn, ó fi èdìdì ilé rẹ̀, tí wọ́n ń lò dípò ìfọwọ́sí, tẹ ìwé náà. Iwakichi tẹ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Èdìdì tirẹ̀ ti gbẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi tẹ̀ ẹ́ kí orúkọ tó yọ. Kò sẹ́ni tó ti ní kó fọwọ́ sí nǹkan kan rí.

Ìgbà tí yìnyín yọ́ tán ni ìwé ètò dé. Ozaki fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó ń kà á nínú gbọ̀ngàn, ojúlé lójúlé, nọ́ńbà lẹ́yìn nọ́ńbà. Ti Kadowaki wọlé. Ilẹ̀ Hatsuyo tó wà ní Kuwanotani ló ṣáájú gbogbo wọn, torí pé kò sí èyí tó bàjẹ́ tó o lórí gbogbo òkè. Wọn yóò gé e, wọn yóò la ọ̀nà dé ìdí rẹ̀, wọn yóò mọ ògiri òkúta sí ibi tó fẹ́ ya.

"Tèmi ńkọ́?" Iwakichi béèrè.

Ozaki yí ojú ìwé sẹ́yìn àti síwájú. "Igba-lé-mẹ́rìnlá... Bàbá, ẹ máa bínú. Igbó tí wọn ò tọ́jú ni ètò yìí wà fún. Ẹni tó yẹ ilẹ̀ yín wò kọ ọ́ síbí pé wọ́n ti tọ́jú tiyín lọ́nà tó péye. Ó ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ rí."

"Kò sí nǹkan kan fún mi?"

"Wọ́n fi lẹ́tà ìgbóríyìn ránṣẹ́ sí yín." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Iwakichi wo lẹ́tà náà. Ó wo Hatsuyo. Inú bí i dé góńgó. "Ta ló ní kó ṣe é dáadáa tó báyẹn?" ó ní. "Àbí èmi ni mo bẹ ọkọ yín níṣẹ́? Kò lè fi ibì kan sílẹ̀ láìtọ́jú?"

Láti ìgbà tí Yasuji ti kú, Hatsuyo kò rẹ́rìn-ín tó báyẹn rí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Obìnrin tó jókòó tì í rò pé nǹkan ti ṣe é, ó ń gbá a lẹ́yìn.

Lóṣù karùn-ún, àwọn agégi dé Kuwanotani. Hatsuyo gun òkè lọ wò wọ́n, ó di ìṣù ìrẹsì mẹ́rin lọ́wọ́, ó fi ewé òkun wé e, ó fi èso umé oníyọ̀ sí i láàárín. Ó bá Iwakichi lórí kùkùté kan lórí ilẹ̀ tirẹ̀, ó ń wo bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Hatsuyo jókòó lórí èkejì. Ó na ìrẹsì kan sí i. Iwakichi gbà á.

Wọ́n jẹun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Hatsuyo béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà òtútù.

"Ẹ máa ń wà nítòsí tó bá ń ṣiṣẹ́?"

"Nígbà mìíràn. Èèyàn á fẹ́ mọ bí iṣẹ́ òun ṣe ń lọ."

"Kí ló máa ń ṣe? Òun nìkan, níbí."

"Ó máa ń kọrin."

"Yasuji? Ọkùnrin tí kì í fọhùn tán?"

"Orin kan náà ni. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ló mọ̀, bó bá débẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ burú gan-an. Bó bá dọ̀sán, á jẹun, á gbé ìrẹsì kan sórí òkúta yẹn fún òrìṣà òkè, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á tẹríba."

Hatsuyo ti dáwọ́ jíjẹ dúró. Yasuji ti sọ ọ́ fún un rí, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé, pé òrìṣà Kuwanotani gba ẹbọ òun, pé bí òun bá lọ sódò, kí òun tó padà dé, ìrẹsì náà á ti lọ. Láti ọjọ́ náà ni Hatsuyo ti ń fi ọ̀kan kún un. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ń tètè jí nítorí òrìṣà òkè.

"Ẹ̀yin lẹ ń jẹ ẹ́," ó ní.

"Ebi ń pa mí." Iwakichi wo ìdajì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rò ó bóyá kóun sọ ọ́. "Umé yín máa ń níyọ̀ jù. Títí dòní, ó ṣì níyọ̀ jù."

"Bẹ́ẹ̀ lòun ṣe fẹ́ràn ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn igi."

Lókè, kédárì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ké kẹrẹkẹrẹ, ó wó, ìmọ́lẹ̀ sì já bọ́ sílẹ̀ níbi tí ilẹ̀ kò ti rí oòrùn láti bí ogójì ọdún. Kí eruku tó rọlẹ̀, ohùn Tíṣà Kadowaki dún láti ìsàlẹ̀, níbi tí ikọ̀ agégi kejì ti ń gé ilẹ̀ mìíràn tí Hatsuyo ní, èyí tó bá ti Tíṣà pààlà.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró ńbẹ̀ yẹn! Ẹ ti ń gé igi mi fún Hatsuyo!"

Iwakichi fi ìyókù ìrẹsì sẹ́nu, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó mú ọ̀pá rẹ̀.

"Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó dé tiẹ̀," ó wí, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn.